Ẹ Má Fẹ̀sùn Kan Aláboyún: Họ́mónù Ló Ń Ran Kòkòrò Yìí Lọ́wọ́

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má sá lọ o, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gan-an.

Nọ́ọ̀sì ni mí níbí ní UK. Ohun tí mo sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn obìnrin wa nìyí: "Nọ́ọ̀sì, mo lóyún, ojú ara ń yún mi, nǹkan funfun tó ki ń jáde, ọkọ mi sì ní kí n sọ ibi tí mo ti kó o." Òmíì á ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni òun ti kó o.

Ẹ jẹ́ ká tú u wò. Candida ni orúkọ kòkòrò náà. Ìbátan ìwúkàrà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì ni. Ọ̀pọ̀ wa ló ń gbé e kiri lára, tí kò sì ṣe wá ní nǹkan kan. Kí ló wá ń fún un lágbára? Estrogen ni, họ́mónù tó ń sọ ọmọdébìnrin di ọ̀dọ́mọbìnrin. Tí estrogen bá pọ̀, ojú ara á máa kó irú ṣúgà kan tó ń jẹ́ glycogen pamọ́, Candida á sì rí oúnjẹ jẹ. Nígbà oyún, estrogen máa ń ga gan-an. Ìdí nìyẹn tí àìsàn yìí fi wọ́pọ̀ lára aláboyún, tó sì ṣọ̀wọ́n lára ọmọ tí kò tíì máa ṣe nǹkan oṣù.

Kò tán síbẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn Cell Reports ní 2022 fi hàn pé tí estrogen bá kan Candida, Candida á fa èròjà ẹ̀jẹ̀ wa kan tó ń jẹ́ factor H mọ́ra. Factor H yìí ló ń sọ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ ara pé, "Ará ilé nìyí, ẹ má kọlù ú." Ẹ wo olè tó wọ agbádá baálé: ajá ilé ò ní gbó o!

Nítorí náà, a kì í ka àìsàn yìí mọ́ àrùn ìbálòpọ̀. Àmọ́ àrùn míì lè jọ ọ́, torí náà ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ yín wò. Tí ẹ bá lóyún, ẹ má dá fluconazole oníhóró lò. Ẹ lọ bá agbẹ̀bí tàbí dókítà, ìpara tàbí oògùn àfisábẹ́ ni wọ́n sábà máa ń fúnni. Ẹ má fi ọṣẹ tàbí Dettol fọ inú lọ́hùn-ún. Tó bá ń padà wá léraléra, ẹ ní kí wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín wò.

Ẹ̀yin ọkọ, ìyàwó tó ń gbé oyún yín ò yẹ lẹ́ni tí ẹ ń bá ṣẹjọ́ lórí èyí. Ẹ tẹ̀ lé e lọ rí dókítà. Ẹ fi fídíò yìí ránṣẹ́ sí aláboyún kan, àti ọkọ rẹ̀. Ó dìgbà kan ná o.