Owó Ẹnu Ọ̀nà: Ta Ni Ó Ń Gbà Á?



Bí alága tuntun bá gorí àléfà ní ìjọba ìbílẹ̀ tó ní òkè tàbí ìsun omi, kì í pẹ́ tí yóò fi kó àwọn oníròyìn lọ síbẹ̀. Wọn á ya fọ́tò. Alága á nàka sí omi, á ní bí a bá ti tún ibí yìí ṣe, a ò ní máa retí owó Àbújá lóṣooṣù mọ́. Gbogbo ènìyàn á pàtẹ́wọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bá wá síbí lónìí: nígbà tí àlejò bá dé tó sì náwó, ọwọ́ ta ni owó náà ń bọ́ sí? Mi ò jiyàn pé ibùdó ìgbafẹ́ lè mú owó wọ ìlú. Ó lè mú un wọ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo owó tó wọ ìlú ló ń dé àpò káńsù. Òfin ló dúró láàárín àwọn méjèèjì, òfin ò sì mọ ẹwà òkè.

Ẹ jẹ́ ká gbé Ìkógòsì yẹ̀ wò. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì ló wà, Àrámọ̀kọ ni olú-ìlú rẹ̀. Ẹ mọ ibẹ̀: omi gbígbóná àti omi tútù sun lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n pàdé, wọ́n jọ ń ṣàn lọ. Ìjọba Káyọ̀dé Fáyẹmí tún ibẹ̀ ṣe láàárín 2010 sí 2014, àwọn ilé ìgbàlejò rẹ̀ sì dùn ún wò. Nígbà tó yá, ó tún dẹnu kọlẹ̀, kí ìjọba tó fà á lé aládàáni lọ́wọ́. Adó-Èkìtì ni wọ́n ti ṣe gbogbo ìpinnu wọ̀nyí, kì í ṣe Àrámọ̀kọ.

Ká wá tẹ̀lé ìdílé kan tó wa mọ́tò láti Ìbàdàn wá síbẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀. Owó tí wọ́n san lẹ́nu géètì, ti ẹni tó ni géètì ni, káńsù kọ́. Owó orí tó bá wà lórí yàrá tí wọ́n sùn, ìpínlẹ̀ ló ni ín. VAT tó wà lórí oúnjẹ wọn, ìyẹn ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, yóò gba Àbújá lọ, yóò bọ́ sínú ìkòkò kan náà pẹ̀lú VAT gbogbo orílẹ̀-èdè. Òótọ́ ni pé ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ìkòkò yẹn jẹ́ ti àwọn ìjọba ìbílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdajì ohun tí wọ́n ń wò nígbà tí wọ́n bá ń pín in ni pé kí gbogbo wọn gba bákan náà. Iye ènìyàn sì tún ní ìpín tirẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ tí kò ní omi kankan àfi kànga yóò nawọ́ gba tirẹ̀ nínú ohun tí àlejò Ìkógòsì jẹ.

Kí ló wá ṣẹ́kù fún Àrámọ̀kọ? Ẹ ṣí òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sí àfikún kẹrin, níbi tí wọ́n ti to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ọjà wà níbẹ̀. Gáréèjì, itẹ́ òkú, ibi ìpẹran, kẹ̀kẹ́ ológeere, ọkọ̀ ojú omi kéékèèké, ìwé àṣẹ ọtí títà, owó orí ilé, gbogbo wọn wà níbẹ̀. Ọmọlanke pàápàá wà níbẹ̀! Ibùdó ìgbafẹ́ ò sí. Ohun tó sì wà níbẹ̀ kedere ni ìdọ̀tí kíkó. Nítorí náà, lójú òfin, owó géètì lè máà kan káńsù, ṣùgbọ́n ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí ìdílé Ìbàdàn yẹn jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ti káńsù ni.

Ẹ má rò pé àwọn alágbára ò mọ ibi tí owó yìí wà. Ìjọba àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀ Èkó fà á dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ: ta ló ní àṣẹ lórí òtẹ́ẹ̀lì àti ìgbafẹ́? Ní oṣù keje 2013, ilé ẹjọ́ dá Èkó láre. Erin méjì jà lórí koríko, ọ̀kan jẹ ẹ́. Ìjọba ìbílẹ̀ tí koríko wà lórí ilẹ̀ rẹ̀ ò sí nínú ẹjọ́ náà.

Òṣogbo ńkọ́? Igbó Ọ̀ṣun wọ ìwé ogún àgbáyé UNESCO ní 2005, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń tọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ló sì ń bójú tó o. Ní oṣù kẹjọ tí ọdún Ọ̀ṣun bá dé, àwọn ọmọ Ọ̀ṣun láti Brazil, Cuba àti Amẹ́ríkà á wá, òtẹ́ẹ̀lì á kún, àwọn ìyá aláàdìrẹ á rí tà. Ìyẹn dára gan-an. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ká tọ́jú igbó náà nítorí àwọn ìyá wọ̀nyẹn, àti nítorí pé ogún wa ni, mo wà lẹ́yìn rẹ̀. Àmọ́ bó bá sọ pé ká ṣe é kí káńsù lè rí owó oṣù òṣìṣẹ́ san, mo ní kó mú ìwé ìṣirò wá.

Mo mọ ohun tí ẹnì kan fẹ́ sọ. Á ní, ó tán ná, ẹ jẹ́ kí káńsù fúnra rẹ̀ ni géètì. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ mú yín lọ sí Yubari.

Ìlú kan ni ní erékùṣù Hokkaido, ní àríwá Jàpáànù. Èédú ilẹ̀ ló sọ ọ́ di ìlú. Ní 1960, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 117,000 ènìyàn tó ń gbé níbẹ̀. Nígbà tí Jàpáànù yíjú sí epo rọ̀bì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn kòtò èédú pa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní 1981, jàǹbá afẹ́fẹ́ gáàsì pa òṣìṣẹ́ 93 nínú ọ̀kan lára èyí tó kù. Ní 1990, kòtò ìkẹyìn kógbá wọlé. Bí ilé iṣẹ́ èédú sì ti ń lọ, ilé tí òṣìṣẹ́ ń gbé àti ilé ìwòsàn tí wọ́n fi sílẹ̀ di ẹrù ìlú, ìlú ló rà wọ́n.

Olórí ìlú náà, Tetsuji Nakata, ò káwọ́ gbera. Ó ní àwọn yóò kúrò nínú èédú bọ́ sí ìgbafẹ́. Wọ́n kọ́ ọgbà ńlá kan lórí ìtàn èédú, ó ṣí ní 1983, ohun ìṣeré ọmọdé sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ní òkè tí wọ́n ti ń yọ̀ lórí yìnyín. Ní 1990 wọ́n dá àjọ̀dún fíìmù sílẹ̀, tó lókìkí débi pé olùdarí fíìmù Quentin Tarantino wá, tó sì fi orúkọ ìlú náà sọ ọmọbìnrin apànìyàn kan nínú fíìmù Kill Bill. Àlejò wá ní tòótọ́. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a sábà máa ń rò pé ibùdó tó bá kùnà, àlejò ni kò rí. Yubari rí àlejò.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹni tó bá ti rí ọgbà èédú lẹ́ẹ̀kan, kí ló tún ń padà wá wò? Ohun tuntun ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa kọ́, owó yíyá ni wọ́n sì fi ń kọ́ ọ. Nígbà tí aládàáni tó ń ṣe òkè yìnyín àti òtẹ́ẹ̀lì rí i pé kò mérè wá, ó kó ẹrù rẹ̀ lọ. Iṣẹ́ àwọn ará ìlú ń bẹ níbẹ̀, nítorí náà ìlú rà á. Ìrànwọ́ tí òfin fún àwọn ìlú èédú dópin ní 2001. Báwo ni wọ́n ṣe bo gbèsè náà mọ́lẹ̀ títí? Wọ́n á yá owó ìgbà díẹ̀ láti fi ti ìwé ọdún yìí pa, wọ́n á fi owó ọdún tó ń bọ̀ san án, ìwé á sì dọ́gba. Lọ́dọọdún. Ẹni tó bá wo ojú ìwé lásán á ní nǹkan ń lọ déédéé.

Ní 2006, ó tú. Gbèsè náà jẹ́ bílíọ̀nù 35.3 owó yen, ó ju ìlọ́po márùn-ún owó tí ìlú náà lè fọkàn tẹ̀ lọ́dún kan lọ. Nakata ti kú nígbà yẹn. Ní 2007, ìjọba àpapọ̀ fi ìlú náà sábẹ́ àbójútó. Wọ́n gé owó oṣù, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ sì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ilé ìwòsàn tó ní bẹ́ẹ̀dì 171 di ibùdó ìlera oníbẹ́ẹ̀dì 19. Wọ́n pa gbogbo ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pọ̀ di ẹyọ kan. Wọ́n fi kún owó orí àwọn tó ṣẹ́kù, ẹni tó lè kó lọ sì kó lọ. Ẹ̀ka reluwé tó wọ àárín ìlú dáwọ́ dúró ní 2019. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní 2020, wọn ò pé 8,000. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ilé iṣẹ́ ìjọba Tokyo, Naomichi Suzuki, ló di olórí ìlú ní 2011 lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún. Owó ìnáwó gígé ló fi dórúkọ, ó sì ti di gómìnà Hokkaido báyìí.

Ní Yubari, ìlú ló ni géètì. Nítorí pé ó ni ín, àdánù rẹ̀ di tirẹ̀ pẹ̀lú. Aládàáni lè palẹ̀ mọ́ kó lọ. Káńsù ò lè kó lọ.

Àwọn olùfẹ́ ìgbafẹ́ máa ń fi Bilbao, ní Spéìn, dá mi lóhùn. Ilé iṣẹ́ irin àti ọkọ̀ ojú omi ti kú níbẹ̀, wọ́n kọ́ músíọ́ọ̀mù Guggenheim ní 1997, ìlú sì jí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ agbègbè Basque tó sanwó ilé náà ló ń gba owó orí tiwọn fúnra wọn, láti orí owó oṣù dórí èrè ilé iṣẹ́. Bí àlejò bá jẹun níta, tí kò tilẹ̀ wọ músíọ́ọ̀mù, díẹ̀ nínú owó rẹ̀ ń padà sọ́wọ́ ẹni tó kọ́ ọ. Wọ́n sì ti la reluwé abẹ́ ilẹ̀ ní 1995, wọ́n fọ odò mọ́. Àwòrán ilé náà nìkan ni a máa ń kó wálé.

Kí nìdí tí mo fi ń sọ èyí nísinsìnyí? Ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà, kó yéé gba ọwọ́ gómìnà. Inú mi dùn sí ìdájọ́ yìí. Ṣùgbọ́n alága tó bá ní owó lọ́wọ́ ni ayánilówó ń wá kiri, àwọn tó ń ta àlá òtẹ́ẹ̀lì yóò sì kan ilẹ̀kùn rẹ̀ kí gómìnà tó mọ̀. Ohun tó kó Àrámọ̀kọ yọ lọ́wọ́ àdánù Yubari títí di òní ni pé kò ní agbára láti ṣe é.

Bí mo bá jẹ́ alága, mi ò ní kọ́ yàrá kan. Abala 162 òfin wa, ìlà keje, ní kí ìpínlẹ̀ máa fún ìjọba ìbílẹ̀ ní ìpín nínú owó tó ń wọlé fún un. Mo máa béèrè ìpín géètì lórí ìyẹn, ní kíkọ sílẹ̀, kí aládàáni tó fọwọ́ sí ìwé. Lẹ́yìn náà, mo máa padà sí àfikún kẹrin tí a fi ń rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan. Ilé ìyàgbẹ́ gbogbo ènìyàn wà níbẹ̀, ti káńsù ni láìsí ìjà. Ẹ wo àlejò tó gun àtẹ̀gùn òkè Ìdànrè, tó ju 600 lọ, tó sì tún sọ̀ kalẹ̀. Ẹ wo ọkọ̀ àwọn ọmọ ilé ìwé tó wá wo omi Olúmìrìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Kí ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè? Wọ́n á san owó rẹ̀, wọn ò ní dúnàádúrà. Gáréèjì tó ní ìbòji, àwọn ìsọ̀ tó ní nọ́mbà, ìwé àṣẹ fún àwọn tó ń ta bíà, rìsíìtì fún gbogbo owó tí wọ́n bá gbà: kò sí fọ́tò kankan nínú rẹ̀ fún ìwé ìròyìn, kò sì ní san owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́. Yóò san owó àwọn tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀, yóò sì kù díẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè bá káńsù pe ẹjọ́ lé e lórí.