Ẹ̀rọ Omi tí ń Kán Nílé Ìdáná: Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Ilé Ìpàdé Bá Ẹgbẹ́ Sọ

Alága ní kí àwa ìgbìmọ̀ ilé ìpàdé wá sọ̀rọ̀ nípa owó omi. Ọ̀rọ̀ míkísà la bá wá, ìyẹn ẹ̀rọ omi ọlọ́rùn gígùn tí ń da omi gbígbóná àti omi tútù pọ̀ sí ẹnu kan. Ó ti wọ ilé ìdáná ọ̀pọ̀ nínú wa báyìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń kán.

Ẹlòmíràn lè ní, ẹ̀kán omi náà lẹ wá sọ di ọ̀rọ̀ ìpàdé? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ń kán lẹ́ẹ̀kan péré ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kán 86,400 ni yóò jábọ́ láàárín ọ̀sán kan òru kan. Nǹkan bí ẹ̀kán 4,000 ló ń kún lítà kan. Lítà 21 nìyẹn lóòjọ́, ó ju kẹ́ẹ̀gì lítà 20 lọ. Ẹni tó bá ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́rúwà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn mọ iye tí kẹ́ẹ̀gì kan ń jẹ́ ládùúgbò rẹ̀. A kò ní sọ ọ́ fún un. Kí ó ṣáà rò ó bí ẹni pé ó ń san owó kẹ́ẹ̀gì kan lẹ́nu ọ̀nà láràárọ̀, tí ó sì ń gbé e lọ dà sínú gọ́tà.

Èsì tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé ilé háyà ni, ilé baba wa kọ́, kí onílé wá tún un ṣe. A kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n onílé kì í sí nílé nígbà tí tánkì bá gbẹ. Irin jẹ́ ti onílé lóòótọ́; omi inú rẹ̀, owó wa la fi rà á. Nínú agboolé tí ìdílé mẹ́fà ti ń lo tánkì kan, ìjà ta-ló-lo-omi-tán kì í tán bọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sẹ́ni tó lò ó, ẹ̀rọ ló ń dà á nù lóru. Bí ilé bá jẹ́ alámọ̀, bí púpọ̀ nínú ilé àtijọ́ ìhín ti rí, omi tí ń rin ìdí ògiri lábẹ́ síǹkì kì í dákẹ́ síbẹ̀.

Kí ló ń fà á? Irin méjì kì í di omi mú fúnra wọn, ohun mìíràn ní láti wà láàárín wọn. Nínú ẹ̀rọ tí a ń yí, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú rẹ̀ ní Rotherham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1845, róbà pẹlẹbẹ kan wà nísàlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní wásà. Bí a bá ti ń yí ẹ̀rọ pa ni wásà ń tẹ ihò idẹ pa. Nínú ọ̀pọ̀ míkísà ìgbàlódé, kò sí wásà. Àwo pẹlẹbẹ méjì tó le bí tánńganran ló ń yí lórí ara wọn. Èyí tó jẹ́ ọlọ́wọ́ kan ṣoṣo, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Al Moen ló ronú kàn án lẹ́yìn tí omi gbígbóná jó o lọ́wọ́ ní 1937. Ní 1947 ni ó dé ọjà. Nídìí ọrùn tí ń yí sọ́tùn-ún sósì, róbà roboto bí òrùka ló wà níbẹ̀. Niels Christensen, ọmọ Denmark tó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà ní 1891, ló gba ìwé àṣẹ lórí irú òrùka yìí ní 1939, nígbà tó ti lé ní ẹni 70 ọdún. Àlejò nílẹ̀ onílẹ̀ bíi tiwa ni òun náà.

Iyanrìn ni ọ̀tá àwọn nǹkan wọ̀nyí níhìn-ín. Dáàmù Tìgà, tí wọ́n parí ní 1974, àti ti Challawa, tí wọ́n parí ní 1992, ni Kánò gbójú lé fún omi, ṣùgbọ́n omi páìpù kì í fi gbogbo ìgbà yọ nílé ẹni. Bí páìpù bá gbẹ fún ìgbà pípẹ́, róbà inú ẹ̀rọ lè gbẹ, ó sì lè sán. Nígbà tí omi bá wá dé lójijì, ẹrẹ̀ àti iyanrìn ló ń ṣáájú. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé omi ti dé, ẹ má sáré sí míkísà. Ẹ̀rọ ìta tó wà nísàlẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí, kí ó ṣàn títí yóò fi mọ́.

Bí ó bá ti bàjẹ́ ńkọ́? Ẹ wo ibi tí omi ti ń yọ. Bí ó bá ń kán lẹ́nu lẹ́yìn tí ẹ ti pa á, wásà tàbí àwo inú ló ti jẹ. Ẹ ti fáàfù kékeré abẹ́ síǹkì lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ tì tí kíkán dáwọ́ dúró, ìhà ibẹ̀ ni àìsàn wà. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí omi ń ṣàn nìkan ló ń yọ nídìí ọrùn, òrùka róbà ni. Bí abẹ́ síǹkì ló tutù, ẹ fi bébà gbígbẹ nu ìdí họ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan. Bébà yóò fi èyí tó jò hàn.

Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tí ń gbé omi gbóná, ẹ kọ́kọ́ pa iná rẹ̀. Ẹ ti omi, ẹ ṣí míkísà kí ìyókù ṣàn jáde, kí ẹ sì fi àkísà di ihò síǹkì, nítorí sikúrú kékeré ibẹ̀ fẹ́ràn ihò náà ju ọwọ́ yín lọ. Ẹ we aṣọ mọ́ nọ́ọ̀tì kí sípánà má ba dídán rẹ̀ jẹ́. Bí ẹ bá ti yọ inú rẹ̀, ẹ mú un lọ́wọ́ lọ sí ọjà. Ẹ má ṣe fẹnu ṣàpèjúwe róbà fún ọlọ́jà. Èyí tó fi ìwọ̀nba díẹ̀ tóbi jù kò ní wọlé, èyí tó kéré yóò tún jò. Àwo inú kì í ṣeé tún ṣe, odidi rẹ̀ la ń pààrọ̀. Bí èéfún omi bá ti dì mọ́ idẹ, omi ọsàn wẹ́wẹ́ yóò tú u.

Ohun mẹ́ta ni a ń rí tó ń bí wa nínú. Àwọn kan ń fi gbogbo agbára yí ẹ̀rọ pa. Wásà tó ti jẹ kò ní gbọ́ ìyẹn. Irin yóò wá máa gé ihò idẹ, nígbà náà wásà tuntun pàápàá kò ní dì í. Àwọn kan ń we tépù funfun mọ́ gbogbo ibi; tépù wà fún páìpù irin tí ń wọ ara wọn, níbi tí róbà bá wà, ìdènà ló ń ṣe. Àwọn mìíràn ń fi Vaseline kun róbà kí ó lè wọlé. Róbà kan wà tí ń wú bí ó bá kàn án. Ẹ béèrè òróró sílíkọ́ọ̀nù lọ́wọ́ ọlọ́jà, tàbí kí ẹ fi omi lásán rin ín.

Ìgbìmọ̀ ti ra sípánà méjì àti sikúrúdíráfà mẹ́ta sínú àpótí ilé ìpàdé. Ẹni tó bá fẹ́ yá wọn, kí ó kọ orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé, kí ó dá wọn padà ní ọjọ́ kẹta. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ kò ní ọmọkùnrin nílé, ẹ ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀dọ́. Àwọn náà ti gbọ́ ohun tí a wí.