Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Ń Ṣiṣẹ́ Owó

Láti ọdún 2011 ni yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ti wà ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Ó ní ọgbà ní Ìkọ̀lé pẹ̀lú. Láti rówó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń dirun, wọ́n ń ránṣọ, wọ́n ń jókòó sídìí ẹ̀rọ POS. Ó dáa. Àmọ́ kíláàsì ni kó ṣáájú, kí iṣẹ́ tẹ̀ lé e.

Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, ẹni tí kíláàsì tó wá kò bá tó mẹ́ta nínú mẹ́rin, wọ́n lè má jẹ́ kó ṣe ìdánwò. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀gá tẹ́ ẹ fẹ́ bá ṣiṣẹ́ lè má mọ òfin yìí. Ẹ sọ fún un kẹ́ ẹ tó gbaṣẹ́.

Ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní Ìkọ̀lé, kó má wáṣẹ́ lọ sí Ìdó-Èkìtì. Owó mọ́tò á jẹ èrè tán!

Mo tún un sọ: kíláàsì ni kó ṣáájú. Bí ọ̀gá bá kọ̀ láti fún yín láyè lọ sí kíláàsì, ẹ wá ọ̀gá mìíràn.