Bí A Ṣe Ń Gbé Ìwé Àwòrán Ilẹ̀ Lé Orí Máàpù Dúróònù



Ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ ni mo mú tọ̀ yín wá lónìí. Láyé àtijọ́, pèrègún ni àwọn baba wa fi ń pa ààlà. Lẹ́yìn náà ni òpó sìmẹ́ńtì àwọn sọ̀féyọ̀ dé. Ní báyìí, àwọn ẹgbẹ́ kan ti ń pe àwọn ọ̀dọ́ tó ní dúróònù, ìyẹn ọkọ̀ òfurufú kékeré tó ń ya fọ́tò láti òkè. Wọn á to àwọn fọ́tò náà pọ̀ di máàpù kan nínú kọ̀ǹpútà, wọn á sì gbé ìwé àwòrán ilẹ̀ ẹgbẹ́, èyí tí à ń pè ní sọ́fè, lé e lórí, kí gbogbo ènìyàn lè rí ibi tí ilẹ̀ dé. Iṣẹ́ tó dára ni. Ṣùgbọ́n bí a kò bá ṣe é bó ṣe yẹ, ìjà ló máa dá sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ẹgbẹ́ kan tí mo ń bá ṣiṣẹ́ fẹ́ gbin ọ̀pẹ. Nígbà tí wọ́n gbé sọ́fè lé máàpù, ìlà pupa ààlà wọ inú oko kòkó aládùúgbò wọn. Inú bí àwọn kan, wọ́n ní bàbá náà ti ń jẹ ilẹ̀ àwọn ó pẹ́. Wọ́n ti háyà kátápílà tí yóò hú igi. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ló sọ fún mi pé, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ ná." A rìn débẹ̀, a ṣán igbó, a sì bá òpó ẹgbẹ́ lórí ìdúró, nọ́ńbà rẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀. Oko kòkó bàbá wà ní òdìkejì òpó. Bàbá kò jẹ ilẹ̀ ẹnikẹ́ni. Máàpù ló ṣìnà.

Kí ló fà á? Ọ̀pọ̀ sọ́fè ní Nàìjíríà ni wọ́n ṣírò láti orí ìpìlẹ̀ ìwọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ ní Minna, ní Ìpínlẹ̀ Niger. Dúróònù ní tirẹ̀ ń lo ìwọ̀n GPS, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ WGS 84. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kóńgò ọjà kan kì í dọ́gba pẹ̀lú kóńgò ọjà kejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwọ̀n méjèèjì yìí rí. Bí a bá kọ nọ́ńbà Minna sínú kọ̀ǹpútà tó ń retí WGS 84, tí a kò sì sọ fún un, ààlà lè sún kúrò níbi tó yẹ ní nǹkan bí 100 mítà.

Ẹ má ṣe fojú kéré 100 mítà. Bí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ yín kan bá gùn tó 400 mítà, tí ààlà ibẹ̀ sì sún wọ oko ẹlòmíràn ní 100 mítà, hẹ́kítà 4 ni ẹ wọ̀ yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó éékà 10. Níbi tí a bá gbin kòkó ní mítà 3 sí mítà 3, igi tó wà níbẹ̀ lé ní 4,000. Ta ni yóò san owó rẹ̀?

Nítorí náà, ẹ tẹ̀lé ìlànà yìí.

Èkíní, ẹ wá àwọn òpó ààlà yín kí dúróònù tó gbéra. Ẹ ṣán ìdí wọn. Ẹ tẹ́ àpò funfun méjì ní àgbélébùú sórí òpó kọ̀ọ̀kan, kí àárín rẹ̀ bọ́ sórí òpó gan-an, kí a lè rí i láti òkè.

Èkejì, ẹ má ṣe fi fóònù ya sọ́fè tó ti ká kò. Ẹ gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ya ìwé, kí ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Fọ́tò tí a yà ní ẹ̀gbẹ́ máa ń mú kí ìlà tó gún wọ́.

Ẹ̀kẹta, ẹ ka etí sọ́fè. Ṣé Minna ni wọ́n kọ síbẹ̀? Bí ó bá jẹ́ UTM Zone 31 nìkan ni ẹ rí, ẹ béèrè bóyá ti Minna ni tàbí ti WGS 84. Ẹ wò ó bóyá ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n tàbí mítà, nítorí 100 ẹsẹ̀ bàtà kò ju mítà 30.48 lọ.

Ẹ̀kẹrin, òpó ni kí wọ́n fi so sọ́fè mọ́ máàpù. Ó kéré tán, kí òpó náà jẹ́ mẹ́ta. Mẹ́rin tàbí márùn-ún dára jù. Kí wọ́n wà ní igun ilẹ̀ tó jìnnà síra. Bí ó bá jẹ́ méjì péré, yóò dára lójú, ṣùgbọ́n ẹ kò ní mọ̀ bí ó bá ṣìnà. Ẹ má ṣe lo igi, etí odò tàbí ọ̀nà ẹsẹ̀, nítorí wọ́n máa ń yí padà.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ fi òpó kan sílẹ̀ láìlò, kí ẹ fi yẹ iṣẹ́ náà wò. Bí òpó yẹn kò bá bọ́ sí àyè rẹ̀ lórí máàpù, iṣẹ́ kò tíì pé. Ẹ tún fi téèpù wọn àárín òpó méjì lórí ilẹ̀, kí ẹ fi wé ohun tí sọ́fè wí.

Bí kò bá bára mu ńkọ́? Kọ̀ǹpútà máa ń gbà kí a fa àwòrán gùn bí ẹni na rọ́bà, títí yóò fi bá ohun tí a fẹ́ mu. Ẹ má ṣe gbà fún wọn. Ẹ pe sọ̀féyọ̀ tó ní ìwé àṣẹ, kí ó fi wé ẹ̀dà tó wà ní ọ́fíìsì Sọ̀féyọ̀ Àgbà ìpínlẹ̀ yín. Bó tilẹ̀ bára mu, dúróònù lásán ṣì lè fi mítà mélòó kan ṣìnà. A lè fi máàpù rẹ̀ ṣètò oko, ṣùgbọ́n a kì í fi ri òpó ààlà, kò sì rọ́pò sọ́fè. Ẹ rí i dájú pẹ̀lú pé ẹni tó ń gbé e fò ní àṣẹ NCAA àti ti ọ́fíìsì ONSA.

Ẹgbẹ́ tí mo sọ nípa wọn pe sọ̀féyọ̀. Wọ́n pe bàbá olóko kòkó náà, ó wá dúró tì wọ́n nígbà tí wọ́n ń tún un ṣe. Ìlà pupa padà sórí òpó. Lónìí, ọ̀pẹ wà lápá kan, kòkó wà lápá kejì, wọ́n sì jọ ń kí ara wọn.

A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Kí kátápílà tó wọ oko, ẹ fẹsẹ̀ rìn dé ìdí òpó, kí ẹ sì pe aládùúgbò yín wá wò ó. Àroko bọ́dún dé o.