Ta Ni Ó Rán Aṣòfin Níṣẹ́?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá dá lórí àwọn aṣòfin tí wọ́n jókòó ní Èkó láàárín ọdún 1960 sí ọdún 1963, nígbà tí Nàìjíríà ti gba òmìnira, ṣùgbọ́n tí Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ṣì jẹ́ olórí orílẹ̀-èdè wa. Bí ọbabìnrin bá ṣì wà lórí oyè, òmìnira wo ni a gbà? Ìbéèrè náà tọ́, ó sì yẹ kí a dáhùn rẹ̀.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 1960, Ọmọ-ọba Alexandra ni ó wá ṣojú Ọbabìnrin níbi ayẹyẹ òmìnira. Ní ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún náà, Dókítà Nnamdi Azikiwe di Gómìnà-Àgbà, aṣojú Ọbabìnrin láàárín wa. Kò sí àbá tí ó lè di òfin àfi bí ó bá fọwọ́ sí i ní orúkọ Ọbabìnrin. Aṣòfin kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ní láti búra pé òun yóò jẹ́ olóòótọ́ sí Ọbabìnrin àti àwọn àrólé rẹ̀ kí ó tó lè kópa nínú iṣẹ́ Ilé.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìbúra náà rú yín lójú. Ẹni tí ó bá mọ ìṣe ààfin Ọ̀yọ́ mọ̀ pé Aláàfin kì í dá ọ̀ràn ìlú ṣe láìgbọ́ tẹnu Ọ̀yọ́ Mèsì. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn yìí rí. Ìmọ̀ràn àwọn mínísítà ni Gómìnà-Àgbà ń tẹ̀ lé. Láti inú Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ni àwọn mínísítà ti ń wá. Bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn aṣojú bá sì kẹ̀yìn sí wọn, ìjọba wọn ṣubú nìyẹn. Oyè wà lọ́wọ́ Ọbabìnrin, ṣùgbọ́n agbára wà lọ́wọ́ aṣòfin.

Àwọn aṣojú jẹ́ 312, tí a dìbò yàn ní oṣù kejìlá ọdún 1959: 174 láti Àríwá, 73 láti Ìlà-Oòrùn, 62 láti Ìwọ̀-Oòrùn, àti mẹ́ta péré láti Èkó. Àwọn obìnrin Gúúsù dìbò. Àwọn obìnrin Àríwá kò ní ẹ̀tọ́ náà nígbà náà. Alhaji Abubakar Tafawa Balewa ti ẹgbẹ́ NPC ni Olóòótú Ìjọba, àwọn Alákùkọ bá a lọ́wọ́ sí ìjọba, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ sì ni olórí alátakò. Ilé Sẹ́nétọ̀ ní ọmọ-ìgbìmọ̀ 44. Oba Èkó ní àyè tirẹ̀ níbẹ̀ nítorí oyè rẹ̀, Olóyè Wúràọlá Èsan ti Ìbàdàn sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó jókòó níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ẹni tí ń gbé ní Costain, àdúgbò tí ó jẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ kọ́lékọ́lé Òyìnbó kan. Ilẹ̀ Èkó ni Costain, Yábàá àti Sùúrùlérè wà, Mushin sì wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Ará Mushin ní Ilé Aṣòfin ní Ìbàdàn, ó sì tún ní aṣojú ní Èkó. Ará Costain kò ní ju Ilé kan ṣoṣo lọ. Alhaji Musa Yar'Adua, ọmọ Katsina, ni mínísítà tí ń bójú tó ọ̀ràn Èkó. Nítorí náà, 309 nínú àwọn tí ń ṣe òfin fún ará Costain ni kò wá bẹ̀ ẹ́ fún ìbò rí.

Ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 1962, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Ilé Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn ní Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 29, Olóòótú Ìjọba gbé àbá wá síwájú àwọn aṣojú ní Èkó pé kí a kéde ìjọba pàjáwìrì ní Ìwọ̀-Oòrùn. Olóyè Awólọ́wọ̀ takò ó, ṣùgbọ́n ìbò pọ̀ jù ú lọ. A fi Dókítà Majẹ́kódùnmí, mínísítà ìlera, ṣe alákòóso títí òpin ọdún náà. Bí ẹ̀gbọ́n bá ń gbé ní Mushin, tí àbúrò ń gbé ní Costain, ẹ̀gbọ́n bọ́ sábẹ́ òfin pàjáwìrì, àbúrò kò sì bọ́ síbẹ̀. Ọbabìnrin kò dìbò lọ́jọ́ náà. Àwọn aṣojú ni wọ́n dì í.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 1963, Nàìjíríà di orílẹ̀-èdè olómìnira aláàrẹ, bí Ghana ti ṣe ní ọdún 1960, tí Sierra Leone sì wá ṣe ní ọdún 1971. Azikiwe di Ààrẹ. Ìbúra yí padà, ṣùgbọ́n àwọn aṣojú kan náà ni wọ́n wà lórí àga, ìjà ẹgbẹ́ kò sì rọlẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1966, àwọn ológun dìtẹ̀ gba ìjọba, Ìgbìmọ̀ Aṣòfin náà sì dópin.

Àwọn àgbà ní, ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ ni à ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Aṣòfin tí ó bá rò pé Ọbabìnrin, tàbí Ààrẹ, tàbí olórí ẹgbẹ́ ni ó rán òun, ti gbàgbé ẹni tí ó tò sórí ìlà nínú oòrùn láti dìbò fún un. Ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ tí olówó rẹ̀ kò bi léèrè iṣẹ́, òun náà a máa di ọ̀gá.

Lónìí, Abuja ni àwọn aṣòfin wa wà: aṣojú 360 àti sẹ́nétọ̀ 109. Kò sí ọbabìnrin kankan tí a lè di ẹ̀bi rù. Ẹ̀yin ará, ẹ mọ orúkọ aṣojú àdúgbò yín. Bí ó bá wá kí yín, ẹ má ṣe béèrè ohun tí ó kó wá nìkan. Ẹ bi í pé, àbá wo ni o fọwọ́ sí, èwo ni o takò, kí sì ni ìdí rẹ̀? Ẹ̀yin ni ẹ rán an níṣẹ́.