Ọmọ Yorùbá Nídìí Pianó

Bí ọmọdé kan ní Ìjàn-Èkìtì bá ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan a máa bèèrè ibi tí yóò bá a dé. Fẹlá Ṣówándé, tí a bí ní 1905, ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀: ọmọ akọrin ni ní kàtídírà Christ Church l'Ékòó, lábẹ́ Ẹkúndayọ̀ Phillips. Ní 1936, nígbà tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, òun ni ó jókòó sídìí pianó nínú Rhapsody in Blue tí Gershwin kọ ní 1924. Orin náà kì í ṣe kọnṣẹ́tò gan-an, ṣùgbọ́n ẹrù atẹpianó inú rẹ̀ kò fúyẹ́ ju ti kọnṣẹ́tò lọ. Bí ìyáàlù láàárín omele ni: òun ni ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bí kò bá gbọ́ ti àwọn yòókù, ìlù dàrú. Ìka nìkan kò tó o.

Ẹ̀rù a sì máa ba àwọn òbí pé orin àjèjì yóò gba ọmọ mọ́ ilé lọ́wọ́. Ti Ṣówándé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1944 ó ṣe African Suite fún gòjé òyìnbó àti hápù, ohùn orin Ephraim Amu ará Gánà ni ó sì fi ṣí i. Lẹ́yìn rẹ̀, Akin Euba (1935–2020), atẹpianó ọmọ Èkó, wá ọ̀nà tí pianó yóò fi máa dún bí ìlù wa. Kò ṣòro gbà gbọ́: òòlù kéékèèké ni ń lu okùn inú rẹ̀.