Agbára Ju Agbára Lọ

 

Bí ẹ bá gbé garawa omi kan tó gba lítà 20 kaná, tí ẹ sì jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ìwẹ̀, agbára tó wọ inú omi náà tó èyí tó lè tan gílóòbù wáàtì 10 ju wákàtí 30 lọ. Ta ló wá rí garawa omi tó tan gílóòbù rí? Iye agbára méjèèjì dọ́gba, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni kò dọ́gba.

Iná mànàmáná ń yí fáànù, ó ń se omi, òun náà ló ń gbé ohùn mi dé etí yín. Gbogbo rẹ̀ pátá ló lè di ooru. Ooru ni kò lè di iná mànàmáná tán. Lọ́dún 1824, Sadi Carnot, ọmọ ilẹ̀ Faransé, tẹ ìwé kan jáde tó là á yé wa pé bí ooru bá ṣe gbóná ju àyíká rẹ̀ lọ tó, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ tí ẹ̀rọ lè rí fà yọ nínú rẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó. Omi ìwẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gbóná ju afẹ́fẹ́ inú ilé lọ, ìdí rèé tí agbára inú rẹ̀ kò fi wúlò kọjá ìwẹ̀.

Ẹ wo ibùdó iná mànàmáná méjì, Kainji àti Egbin. Ní Kainji, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1968, omi tó ń já wálẹ̀ ló ń yí ẹ̀rọ. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, bó bá dára, ń sọ nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá agbára omi di iná. Ní Egbin, ní Ìkòròdú, gáàsì ni wọ́n ń dá sí ìdí omi, kí ooru omi tó ń hó náà lè yí ẹ̀rọ. Irú èyí kì í sábà sọ ju ìdá méjì nínú márùn-ún agbára gáàsì lọ di iná. Ìyókù ń bá ọ̀sà àti afẹ́fẹ́ lọ.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: agbára káká ni ìdá kan nínú márùn-ún agbára epo bẹntiróòlù fi ń di iná. Ẹni tó bá tan án nítorí kẹ́tùlù ti sun epo di ooru, ó sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di iná, ó sì tún dá iná náà padà sí ooru. Ká ní orí gáàsì ló gbé omi náà kà, bí ìdajì ooru ibẹ̀ ìbá wọ inú omi tààrà.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí oòrùn mú aṣọ gbẹ, kí gáàsì se omi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní sólà, ẹ má fi áyọ́ọ̀nù fa bátìrì yín gbẹ lálẹ́. Ẹ fi iná mànàmáná sílẹ̀ fún ìmọ́lẹ̀, fáànù, fóònù àti rédíò, iṣẹ́ tí ooru kò lè bá wa ṣe.